Owó Táàpù Kan Tí Mo San Lẹ́ẹ̀mejì

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Táàpù abọ́ ìfọwọ́ tó wà ní balùwẹ̀ òkè, tí mo rà ní ₦4,500, kò lò tó ọdún kan tí ọrùn rẹ̀ fi kán lóru. Gbogbo omi táǹkì orí ilé ló dà sílẹ̀, ó gba sílíǹgì kọjá, ó sì ba rọ́ọ̀gì pálọ̀ jẹ́. Owó káfíńtà tó tún sílíǹgì ṣe tó ra irú táàpù bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá. Nígbà tí mo gbé e padà fún ẹni tó tà á, ohun tó rí sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti lò ó o."

Púlọ́mbà mi ló fi ojú ibi tó ti kán hàn mí. Ó rí bí eérú, ó sì ń rún bíi bisikíìtì. Síǹkì ("zinc", kì í ṣe abọ́ ìfọwọ́ o) ni wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n wá fi kúróòmù tó ń dán bò lójú. Omi á máa jẹ ẹ́ láti inú, ibi tírẹ́ẹ̀dì tó tín-ín-rín ló sì máa ń kán. Idẹ ló ní kí n wá. Òótọ́ ni pé síǹkì wà nínú idẹ náà, ṣùgbọ́n bàbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í tètè jẹrà.

Mo bá gba ọjà Odúnadé lọ ní Òrílé, l'Ékòó. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí mo yà tí wọn ò ti búra pé "orijínà" ni tiwọn. Ẹnìkan ti ní kí n mú mágínẹ́ẹ̀tì dání. Kò wúlò rárá! Irin ni mágínẹ́ẹ̀tì ń fà. Kì í fa idẹ, kì í fa síǹkì, tojúlówó tayédèrú ló ń yege. Ìwọ̀n ṣèrànwọ́ díẹ̀, torí ike tí wọ́n fi kúróòmù bò máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ síǹkì tó nípọn lè wúwo tó èyí tó máa tan èèyàn.

Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé mo ń dojú táàpù dé, mo ń wo inú ihò ìdí rẹ̀ níbi tí kúróòmù kì í dé. Tó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, idẹ ni. Àwọn ọlọ́jà kò fẹ́ èyí rárá. Ìyá kan já a gbà lọ́wọ́ mi: "Bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ yà á ní fọ́tò?" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbà kí n fi kọ́kọ́rọ́ ha ìdí ọ̀kan, lẹ́yìn tí mo ti ṣèlérí pé tó bá pọ́n, màá sanwó. Eérú! Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, èyí tí ẹ ń wá wà nínú lọ́hùn-ún." Kí ló dé tó fi wà nínú lọ́hùn-ún? Ó gbé e jáde, ₦19,000. Mo ha á, ó pọ́n. Inú mi dùn débi pé mi ò ná an bó ṣe yẹ.

Ó tún fẹ́ ta míksà fún mi, ìyẹn táàpù tó ń po omi gbígbóná àti tútù pọ̀. Mo kọ̀. Omi gbígbóná kò dé abọ́ ìfọwọ́ wa, táǹkì wa ò sì ga púpọ̀ ju balùwẹ̀ lọ. Báà ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì. Gíga mítà kan kì í fún omi ní agbára ju báà 0.1 lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ míksà ilẹ̀ Yúróòpù ń fẹ́ báà 1. Yóò kàn máa sun bí ìtọ̀ ni. Mi ò sì mú èyí tó ní seramíìkì tó ń dí omi nínú, torí iyanrìn inú omi bọ́ọ̀hólù wa á ha á. Onírọ́bà ni mo mú. Tí rọ́bà bá jẹ, owó kékeré la fi ń pààrọ̀ rẹ̀.

Fífi í sí i kò le, ẹ ṣáà ti omi pa. Ẹ má jẹ́ kí púlọ́mbà fi sípánà ńlá fún nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ abọ́ pinpin. Abọ́ á sán, wọ́n á sì ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a.

Balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ ló kàn báyìí. Mo ti tú táàpù ibẹ̀ wò, eérú ni.