Bísíkíìtì Kérésìmesì mi kò jó nídìí mọ́

Bísíkíìtì bọ́tà tí mo máa ń yan fún Kérésìmesì a máa jó nídìí, kí ojú rẹ̀ tó yí padà rárá. Ófùnù gáàsì ni tèmi, abẹ́ niná rẹ̀ ti ń wá. Mo gbé tẹmómítà kékeré kọ́ sínú rẹ̀: mo yí ófùnù sí 180°C, 210 ni tẹmómítà ń sọ! Mo bá dín iná kù, mo gbé tiréè sí àárín, mo sì fi tiréè mìíràn tẹ́ ẹ nídìí. Jíjó tán.

Ó wá ku bá a ṣe ń mọ̀ pó ti jinná, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má dúró kó le nínú iná o. Bọ́tà àti ṣúgà tó ti yọ́ kì í dì àfi tó bá tutù, torí náà bísíkíìtì tó jinná ṣì máa rọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Etí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá ti pọ́n díẹ̀, tí àárín ò dán bí ohun tútù mọ́, ẹ fi ọ̀bẹ gbé ọ̀kan sókè. Bídìí bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gbé e jáde, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ lórí tiréè fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5. Ooru tiréè á parí ìyókù.