Bí ẹ ṣe lè dá ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ mọ̀, kí ẹ má sì ṣì í lò mọ́

Àwọn òǹkọ̀wé máa ń gbé iṣẹ́ wọn wá fún mi kí n bá wọn kà á kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Nínú gbogbo ọnà èdè tó ń gba ọwọ́ mi kọjá, kò sí èyí tí wọ́n ń ṣì lò tó ẹ̀dà-ọ̀rọ̀, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní irony. Àsọdùn kì í fún wọn ní wàhálà. Àfiwé ń wá fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nǹkan méjì bá ti ṣe kòńgẹ́, bí ohun kan bá ti yà wọ́n lẹ́nu, bí ẹnì kan bá ti rí ibi lọ́jọ́ tí kò yẹ kó rí i, kíá, wọ́n á ti kọ ọ́ pé "ẹ̀dà ibẹ̀ ni pé..." Ó máa ń ká mi lára. Ọ̀bẹ tí a bá fi ń gé ohun gbogbo kì í pẹ́ kú, ọjọ́ tí a bá wá nílò rẹ̀ gan-an, kò ní gé nǹkan kan.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn lójú rú kò ṣòro láti rí: nǹkan mẹ́ta ló ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ọ̀kan ni ti ẹnu: èèyàn sọ ohun kan, òdìkejì rẹ̀ ló ní lọ́kàn, ẹni tó ń gbọ́ ọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ fọ́ àwo, ìyá rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "O káre! O ṣeun gan-an ni!" Kò sí ọmọ tó gbọ́n tó máa rò pé wọ́n ń yin òun. Èkejì ni ti ìṣẹ̀lẹ̀: ohun tí èèyàn ṣe kí aburú má baà dé ló wá gbé aburú náà wọlé. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, tó fi ata sẹ́nu.

Ẹ̀kẹta ni ti orí ìtàgé, níbi tí òǹwòran ti mọ ohun tí ẹni tó wà nínú eré kò mọ̀. Oedipus ọba, nínú eré tí Sophocles kọ fún àwọn ará Athens ní ilẹ̀ Gíríìsì ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi, dúró níwájú àwọn èèyàn rẹ̀, ó gégùn-ún fún ẹni tó pa ọba àná, ó búra pé òun á wá a rí. Òun fúnra rẹ̀ ló pa á. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ ti mọ ìtàn náà láti kékeré, nítorí náà gbogbo ègún tó jáde lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń rí i bó ṣe ń padà lọ bà lé e lórí.

Ẹ gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síra wọn. Nǹkan méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lẹ́yìn, èyí tó wà lẹ́yìn ń tako èyí tó wà lójú tààrà, ẹnì kan sì wà tó rí méjèèjì. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá ti yẹ̀, kò sí ẹ̀dà níbẹ̀.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi gbólóhùn

Ti ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń ṣì lò jù, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti máa ń dúró pẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi. Kí ni wọ́n ń retí? Kí ló fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti retí rẹ̀? Ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ kàn ba ìretí yẹn jẹ́ ni, àbí ó yí i dà sí òdìkejì rẹ̀? Ìbéèrè kẹta ni ọ̀pọ̀ gbólóhùn ti máa ń ṣubú. Ìretí tó bàjẹ́ pọ̀ láyé. Èyí tó yí dà kò pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn kan tó wà nínú ìtàn tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ: "Ẹ̀dà ńlá ló jẹ́ pé ọjọ́ ìbí Délé gan-an ni wọ́n jí mọ́tò rẹ̀." Kí ni wọ́n ń retí lọ́jọ́ ìbí? Kí inú ẹni dùn. Mọ́tò lọ, inú bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìlànà kankan tó so ọjọ́ ìbí mọ́ olè, ọjọ́ ìbí ò fi ẹnikẹ́ni lọ́kàn balẹ̀ pé wọn ò ní ja òun lólè. Orí burúkú ló bá kòńgẹ́ pàdé. Ó dunni, kì í ṣe ẹ̀dà.

Mo bi òǹkọ̀wé náà pé iṣẹ́ wo ni Délé ń ṣe. Ó ní ó ń ta ẹ̀rọ tó máa ń ké bí olè bá fọwọ́ kan mọ́tò. Ojú mi là. Ohun tó ń wá ti wà nínú ìtàn rẹ̀, ó kàn gbé e ka ibi tí kò yẹ ni. Bí wọ́n bá jí mọ́tò ẹni tó ń ta ẹ̀rọ alé-olè, a ti ń súnmọ́ ibẹ̀, torí mọ́tò rẹ̀ ló yẹ kó ní ààbò jù. Àmọ́ kò tíì tó. Bó bá jẹ́ pé ó gbàgbé láti tan ẹ̀rọ náà, ìgbàgbé lásán ni, ìretí bàjẹ́, kò yí dà. A jọ jókòó tì í títí a fi rí ojú ọ̀nà: ojoojúmọ́ ni Délé ń mú kí ẹ̀rọ inú mọ́tò rẹ̀ ké kí àwọn oníbàárà lè gbọ́ bó ṣe ń dún tó. Etí gbogbo àdúgbò ti mọ́ ọn lára. Òru ọjọ́ tí olè dé, ẹ̀rọ náà ké títí, kò sẹ́ni tó yọjú, wọ́n ní Délé tún ti ń tajà. Ohun tó yẹ kó tú olè fó ló bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀dà nìyẹn, kò sì sídìí láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀dà ni. Ọjọ́ ìbí ti jáde kúrò nínú ìtàn náà, a ò sì nílò rẹ̀ mọ́.

Ó wà nínú ìtàn gidi náà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1864, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun ọ̀gágun John Sedgwick ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọta ní Spotsylvania. Ó bá wọn wí, ó ní láti ọ̀nà tó jìn tó yẹn, àwọn ọ̀tá ò lè yìnbọn ba erin pàápàá. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọta bà á lójú, ó sì kú. Bí wọ́n bá kàn sọ pé ìbọn pa ọ̀gágun lójú ogun, ìròyìn ogun ni. Ohun tó sọ ọ́ di ẹ̀dà ni pé ìgboyà tó fi ń fi àwọn tó kù lọ́kàn balẹ̀ ló jẹ́ kó dúró gbagidi síbi tí ikú ti rí i.

Àwọn kan á wà tí àríyànjiyàn máa wà lórí wọn, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Bobby Leach, ọkùnrin kan tó máa ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu kí àwọn èèyàn lè wò ó, wọ inú àgbá lọ́dún 1911, ó bá omi ńlá tó ń já láti òkè ní Niagara já wálẹ̀, ó fọ́ eegun, ṣùgbọ́n ó yè é. Lọ́dún 1926, ó tẹ èèpo ọsàn lójú pópó ní New Zealand, ó yọ̀ ṣubú, ẹsẹ̀ náà jẹrà, wọ́n gé e, ó sì kú. Àwọn kan ní ìjàǹbá lásán ni. Èmi gbà á bí ẹ̀dà, torí ìṣubú ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀, ìṣubú náà ló pa á, èyí tó kéré jù lọ ló sì ṣe ohun tí èyí tó tóbi jù lọ kò lè ṣe. Bó bá jẹ́ pé ibà ló pa á, mi ò ní kà á kún un.

Ti àgàbàgebè kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹni tó ń wàásù lòdì sí irọ́, tó ń purọ́ ní kọ̀rọ̀, mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ò fi ohun kan pa mọ́ fún un, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀dà.

Ti ẹnu: ẹ̀gàn yàtọ̀, irọ́ yàtọ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gbogbo ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ gún ẹnì kan lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò pa èmi àti ọ̀rẹ́ mi dé egungun, ó wò mí, ó ní, "Oòrùn yìí mà mú o." A jọ rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó fara gbọgbẹ́. Lọ́wọ́ kejì, ẹni tó sọ fún yín pé "orí yín ò pé" ti gàn yín, kò sì lo ẹ̀dà kankan, ohun tó sọ ló ní lọ́kàn. Wọ́n lè pàdé nínú gbólóhùn kan, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Irọ́ ńkọ́? Òpùrọ́ fẹ́ kí ẹ gba òun gbọ́. Ẹni tó ń lo ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ fẹ́ kí ẹ má gba ohun tó wà lójú gbọ́, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ibí yìí ni inú ti máa ń bí mi. Ẹnì kan á sọ̀kò ọ̀rọ̀ lu ẹlòmíràn, wọ́n á bá a wí, á ní ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ ni òun ń lò, pé wọn ò ní òye. Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi dán irú wọn wò láìjà: ẹ ní kó sọ òdìkejì ohun tó sọ, kó sọ ọ́ ní gbangba báyìí, torí ohun tó ní lọ́kàn nìyẹn. Bó bá pe ẹnì kan ní ọ̀lẹ, tó ní ẹ̀dà ni, kó pè é ní òṣìṣẹ́ takuntakun. Bó bá ń kólòlò, ohun tó sọ náà ló ní lọ́kàn.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀

Ohùn ló máa ń gbé ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ dé etí. Inú ìwé kò ní ohùn. Ìwádìí tí Justin Kruger, Nicholas Epley àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde lọ́dún 2005 fi hàn pé ẹni tó ń kọ lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń gbójú lé e ju bó ṣe yẹ lọ pé wọ́n máa mọ̀ bóyá òun ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré àbí òun kò fi ṣeré. Ohùn ara rẹ̀ ń dún nínú orí rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́, ẹni tó ń kà á ò sì gbọ́ ọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òǹkọ̀wé Daniel Defoe ní ìlú London. Ó wà lára àwọn Kristẹni tí kò sí lábẹ́ ìjọ ìjọba. Ní ìparí ọdún 1702, ó gbé ìwé pélébé kan jáde láìfi orúkọ sí i, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá wọn, ó ní kí wọ́n so oníwàásù wọn kọ́, kí wọ́n sì lé àwọn tó ń bá wọn jọ́sìn kúrò nílùú. Ó rò pé ìwà ìkà inú rẹ̀ máa dójú ti àwọn tó ń ronú bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú wọn yin ìwé náà. Ẹ̀rù ba àwọn èèyàn tirẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, ìjọba bu owó ìtanràn lé e, wọ́n jù ú sí ẹ̀wọ̀n Newgate, wọ́n sì ki ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀ bọ inú igi ní gbangba fún ọjọ́ mẹ́ta ní oṣù Keje ọdún 1703. Kí ni àṣìṣe rẹ̀? Ohun tó kọ kò ju ohun tí àwọn kan ti ń sọ lórí àga ìwàásù pẹ̀lú ojú líle lọ. Kò sí àmì kankan tí òǹkàwé lè dì mú.

Nítorí náà, ẹ fi ohun kan sínú rẹ̀ tí kò lè jẹ́ òótọ́ bí ó ṣe wà lójú, kí ẹ sì kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn kan ti wà tó ń sọ ọ́ láìfi ṣeré. Bí wọ́n bá wà, ẹ wá ọ̀nà míì. Ẹ gbé e fún ẹni tí kò mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn, kó kà á sókè fún yín, kí ẹ má ràn án lọ́wọ́. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti yí fúnra rẹ̀, ó ti bọ́ síbẹ̀. Ẹ má sì lò ó rárá níbi tí òǹkàwé ti ní láti ṣe ohun tí ẹ sọ, bí ìlànà oògùn, tàbí níbi tí ọkàn ẹni ti ń ro ó, bíi lẹ́tà ìbánikẹ́dùn.

Ti àmì tó ń fi hàn pé ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ ni ńkọ́? Lọ́dún 1899, akéwì ilẹ̀ Faransé kan, Alcanter de Brahm, dábàá àmì tó dà bí àmì ìbéèrè tó kọjú sẹ́yìn. Kò ràn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, Scott Fahlman ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní kí wọ́n máa fi :-) sí ẹ̀gbẹ́ àwàdà lórí kọ̀ǹpútà, èyí sì ràn. Mo fara mọ́ ọn nínú ọ̀rọ̀ ṣókí láàárín ọ̀rẹ́. Nínú ìtàn tàbí àròkọ, mo máa ń yọ ọ́.

Mo tún máa ń yọ "ẹ̀dà ibẹ̀ ni pé" kúrò níbi gbogbo tí mo bá ti rí i. Ẹ̀yin náà ẹ yọ ọ́, kí ẹ ka ohun tó kù. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣì ń ta yín lára, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti rọ pẹ̀sẹ̀, ẹ kọ ohun tó jẹ́ gan-an: ó ṣe kòńgẹ́, ó yà mí lẹ́nu, ó dùn mí.