Bí a ṣe ń ra aṣọ àti ìpara láì fi ìyà jẹ ẹni tó ṣe é

1. Ẹ kọ́kọ́ yẹ èyí tó wà nílé wò

Kí ẹ tó ronú àtira aṣọ mìíràn, ẹ kó gbogbo èyí tó wà nílé jáde sórí ibùsùn. Ẹ ya èyí tí ẹ ń wọ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ sì wo àwọn tí ẹ ti pa tì dáadáa. Bọ́tìnnì tó já tàbí síìpù tó kọṣẹ́ ló sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di aláìwúlò. T-shirt òwú kan ṣoṣo lè gba nǹkan bíi lítà omi 2,700, láti inú oko òwú títí dé ọwọ́ ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Ẹni tó tún èyí tó ní rán ti dá gbogbo omi yẹn sí.

2. Ẹ yí aṣọ náà síta kí ẹ tó sanwó

Ẹ fi àtàńpàkò méjèèjì di ojú ibi tí wọ́n rán mú, kí ẹ fà á díẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín òwú, kò ní pẹ́ tú. Ẹ wò ó bóyá wọ́n fi etí aṣọ sílẹ̀ nínú, tí télọ̀ lè tú síta bí ẹ bá sanra. Lẹ́yìn náà, ẹ ka àkọlé kékeré tó wà nínú rẹ̀. Ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe polyester, nylon àti acrylic, fọ́nrán wẹ́wẹ́ wọn sì máa ń bá omi ìfọṣọ lọ sínú odò àti òkun. Bí ẹ bá ti ní irú rẹ̀ nílé, ẹ má tìtorí èyí sọ ọ́ nù. Ẹ máa wọ̀ ọ́, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́, kí ẹ má sì fọ̀ ọ́ bí kò bá tíì dọ̀tí. Aṣọ àlòkù tó ṣì lágbára dára ju tuntun tí kò ní tọ́jọ́ lọ.

3. Ẹ béèrè ẹni tó rán an

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ nìyí. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹrin, ọdún 2013, ògiri Rana Plaza, ilé alájà mẹ́jọ kan ní Savar lẹ́bàá Dhaka, lórílẹ̀-èdè Bangladesh, sán. Báńkì àti àwọn ilé ìtajà tó wà nísàlẹ̀ ti ilẹ̀kùn wọn. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìránṣọ tó wà lókè ní kí òṣìṣẹ́ tiwọn padà wá sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ilé náà wó lulẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, èèyàn tó lé ní 1,100 sì kú. Aṣọ tí wọ́n ń rán níbẹ̀, orúkọ ńláńlá tí gbogbo ayé mọ̀ ló wà lára rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wo ojú ewé ilé-iṣẹ́ tó ni aṣọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá wọ́n to orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ wọn síbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ kọ̀wé sí wọn: ta ló rán an, èló ni wọ́n ń san fún un, ṣé wọ́n gbà á láyè láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́? Ọ̀rọ̀ dídùn bíi “a fẹ́ràn ilẹ̀ ayé” kò dáhùn ìkankan nínú wọn. Owó gọbọi tí wọ́n fi lé aṣọ náà kò dáhùn rẹ̀ bákan náà. Àmì Fairtrade (ti òwò tí kò rẹ́ni jẹ) tàbí GOTS (ti aṣọ tí wọ́n fi òwú tí a gbìn láì lo kẹ́míkà olóró ṣe) wúlò, nítorí pé àwọn mìíràn, yàtọ̀ sí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ló ń lọ yẹ̀ wọ́n wò.

4. Ẹ ka ẹ̀yìn ike ìpara

Nínú àwọn èròjà tí wọ́n tò síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ìpara ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ kọ. Bí wọn kò bá kọ ohunkóhun, ẹ dá a padà. Nínú ìpara tó ń bóra, ẹ ṣọ́ra fún mercury, irin olóró kan tí wọ́n tún lè kọ ní Hg, calomel tàbí mercuric iodide. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè ti ara ẹni tó ń pa á ran àwọn ọmọ tó ń gbé nínú ilé kan náà. Nígbà mìíràn wọn kì í dárúkọ rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n wọ́n á kìlọ̀ pé ìpara náà kò gbọ́dọ̀ kan góòlù tàbí fàdákà. Ìkìlọ̀ yẹn nìkan tó kí ẹ má rà á.

Ọ̀rọ̀ ẹranko ńkọ́? Àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de títa ìpara tí wọ́n dán wò lára ẹranko láti ọdún 2013. Níbòmíràn, ẹ wá àmì Leaping Bunny, tó ń fi hàn pé wọn kò dán ìpara náà wò lára ẹranko, tó sì ń yẹ ilé-iṣẹ́ wò títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó èròjà fún un. Bí ẹ bá rí polyethylene lára ohun tí a fi ń họ ojú, ike wẹ́wẹ́ ni, tó ń bá omi lọ bíi fọ́nrán aṣọ polyester. Mica, òkúta tó ń mú kí àtíkè máa dán, ńkọ́? Àwọn ọmọdé wà lára àwọn tó ń wa á nílẹ̀ ní Íńdíà àti Madagascar, nítorí náà ẹ béèrè ibi tó ti wá.

5. Ẹ lo èyí tó kù tán

Ìpara àti ọṣẹ tó ti wà nílé, ẹ lò wọ́n tán kí ẹ tó ra òmíràn. Èyí tó ní mercury nìkan ni kí ẹ yọ sílẹ̀: ẹ dé e pa, ẹ wé e sínú ọ̀rá, kí ẹ sì gbé e lọ síbi tí ìjọba ti ń gba kẹ́míkà olóró. Ẹ má dà á sílẹ̀, ẹ má sì dà á sómi.