Bí Atẹdùrù Ṣe Lè Tẹ Orin Ìsìn Nínú Kíì Tí Kò Mọ́ Ọn Lára

Ní Iléṣà níbí, ìlú tí ìsọjí ọdún 1930 ti bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, ẹni tó ń dá orin kì í dúró de dùrù. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá bọ́ sí ni yóò ti gbé orin, ìjọ yóò sì gbè é, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù ni ẹ ó wá wọn kàn kí ẹsẹ kìíní tó parí. Bí ó bá jẹ́ pé kíì C, F àti G nìkan ni ọwọ́ yín mọ̀ (kíì ni nóòtì tí orin fi ṣe ilé, tí à ń pè ní doh rẹ̀), ẹ ó há lọ́jọ́ tí orin bá balẹ̀ sí E flat.

Ẹ yé fi lẹ́tà ronú orin. Sol-fa, ìyẹn doh, ray, me, fah, soh, lah, te, ni àwọn akọrin wa fi ń kọ́ orin, ẹ jẹ́ kí ìka yín náà máa fi í rìn. Ohùn orin tí à ń pè ní Old Hundredth, tí ó ti wà nínú ìwé Sáàmù ìlú Geneva láti ọdún 1551, dára fún ìdánrawò nítorí pé tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Ìlà rẹ̀ àkọ́kọ́ ni doh, doh, te, lah, soh, doh, ray, me. Nínú G, tí ọ̀pọ̀ ìwé orin kọ ọ́ sí, G, G, F sharp, E, D, G, A, B ni. Nínú E flat, ó di E flat, E flat, D, C, B flat, E flat, F, G. Lẹ́tà yí padà, ṣùgbọ́n ìrìn orin kò yí padà.

Ọwọ́ òsì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́. Kí ó máa tẹ doh, fah àti soh nìkan nísàlẹ̀, nítorí pé orí mẹ́ta yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú kọ́ọ̀dù (àwọn nóòtì tí à ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) orin ìjọ dúró lé. Ẹ wo E flat dáadáa: bọ́tìnì dúdú mẹ́ta péré ló ní, E flat, A flat àti B flat, àwọn gan-an sì ni doh, fah àti soh rẹ̀. Nínú A flat àti D flat pẹ̀lú, dúdú ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú D, A àti E, funfun ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ atẹdùrù ń bẹ̀rù E flat, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó rọrùn fún ọwọ́ ju E lọ. Nígbà tí ọwọ́ òsì bá ti lè rìn láìwo ilẹ̀, kí ọ̀tún wá gbé ohùn òkè lé e, kí ẹ sì máa pe sol-fa náà sókè bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Orin kan lọ́sẹ̀ kan tó.

Ìdí mìíràn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ mọ B flat àti E flat ni fèrè trumpet. B flat ni wọ́n ṣe èyí tó wọ́pọ̀ jù sí, nítorí náà, ohun tí afọnfèrè ń pè ní C, B flat ni lórí kíbọ́ọ̀dù. Bọ́tìnì transpose, tó ń gbé ohùn gbogbo kíbọ́ọ̀dù sókè tàbí sísàlẹ̀, lè ràn yín lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ fi ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, nínú ìjọ kan tí mo ti sìn, ẹni tó lo kíbọ́ọ̀dù ṣáájú mi ti gbé e sókè ní ìṣísẹ̀ méjì, kò sì dá a padà. Mo tẹ G, A ló dún, fèrè wà níbi tirẹ̀, ohùn méjèèjì sì ń jà títí a fi dá orin dúró. Ó dùn mí púpọ̀. Láti ìgbà náà, mo ń rí i pé òdo ló wà lójú rẹ̀ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá dá orin láìsọ kíì fún yín, ẹ rẹ ohùn kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ́tí sí òpin ẹsẹ, nítorí pé orí doh ni ọ̀pọ̀ orin ìsìn ń parí sí. Ẹ fi ìka kan ṣoṣo wá nóòtì náà nísàlẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí àárín bọ́tìnì méjì, ẹ mú ti ìsàlẹ̀, torí ohùn ìjọ tí dùrù kò tọ́ sọ́nà sábà máa ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ òsì nìkan ni kí ó gba ẹsẹ kejì, kí ọwọ́ ọ̀tún wọlé ní ẹsẹ kẹta.