Kí ẹ tó náwó sórí katakata tuntun
Ẹ̀yin ará, ẹ gba iye owó lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìtajà mẹ́ta: agbára ẹ́ńjìnì kan náà, táyà kan náà, owó ìgbéwálé nínú rẹ̀. Ẹ má tíì dárúkọ ògbólógbòó tí ẹ fẹ́ fi ṣe pààrọ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí tuntun, torí ohun tí wọ́n bá dín níbí, wọ́n lè yọ ọ́ nínú iye tí wọ́n máa ka ògbólógbòó yín sí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀ láìsí èlé, ẹ bèèrè iye tó jẹ́ lówó ọwọ́. Ibẹ̀ ni èlé sábà máa ń sápamọ́ sí. Katakata tuntun tó ti pẹ́ nílé ìtajà ni wọ́n ń tètè dínwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo mítà wákàtí rẹ̀, èyí tó ń ka iye wákàtí tí ẹ́ńjìnì ti fi ṣiṣẹ́. Bí owó ò bá wálẹ̀ mọ́, ẹ ní kí wọ́n fi ọ́ìlì àti fílítà sáfíìsì àkọ́kọ́ kún un.