Ìbéèrè Tí Mi Ò Bi Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Mi

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni màmá kan wá sí kíliníìkì wa nítorí ikọ́. Ikọ́ gbígbẹ ni, kò mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá, kò sì jẹ́ kí màmá sùn lóru. A ya X-ray àyà rẹ̀, a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, a fún un ní oògùn apakòkòrò, òun náà sì sanwó gbogbo rẹ̀. Ìgbà kẹta ni mo tó fọwọ́ ara mi tú àpò oògùn rẹ̀. Lisinopril ni mo bá níbẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún un níbòmíràn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ikọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Irú oògùn yẹn máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn mìíràn. A fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ikọ́ ti lọ.

Ìyẹn dùn mí, àmọ́ ohun tí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí mò ń kọ́ níbẹ̀ wá sọ fún mi lẹ́yìn rẹ̀ dùn mí jù ú lọ. Ó ní, "Mo rí oògùn yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mà. Àmọ́ ẹ ò bi wá."

Inú bí mi. N kò bi wọ́n kẹ̀? Kí ló ń fa ikọ́ tó pẹ́ lára? Kòkòrò wo ló ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ikọ́ gbọ́dọ̀ lò kí a tó pè é ní ikọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́? Mo bi wọ́n títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Èmi béèrè, mo sì ṣìnà, owó màmá olówó sì bá a lọ.

Mo bẹ nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé kó jókòó tì wá fún wákàtí kan, kó máa kọ gbogbo ìbéèrè mi sílẹ̀. Ìbéèrè 34 ló kọ. Nínú rẹ̀, 29 ló jẹ́ ti ohun tí wọ́n há sórí láti inú ìwé. Ó fàlà sí ìdí 16, mo sì bi í pé kí ni ìyẹn. Ó ní àwọn tí èmi fúnra mi dáhùn nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Ọ̀nà tí mo fi tún un ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Àwọn dókítà ìdílé kan ní Amẹ́ríkà kọ ìlànà kan jáde lọ́dún 1992, ìgbésẹ̀ márùn-ún ni, ó wà fún ẹni tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbi tí aláìsàn ti tò síta. Méjì àkọ́kọ́ ni mo dì mú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ròyìn aláìsàn tán, màá ní, "Kí lo rò pé ó ń ṣe wọ́n?" Bó bá dáhùn, màá ní, "Kí lo rí tó mú ọ rò bẹ́ẹ̀?" Ìbéèrè kejì yìí ni ì bá ti yọ lisinopril jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn ìgbésẹ̀ mẹ́ta yòókù, pé kí o kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kan, kí o sọ ohun tó ṣe dáadáa, kí o sì tọ́ ọ sọ́nà níbi tó ti kùnà, ẹni tó bá ti ń kọ́ni ti ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ohun tó gba oṣù méjì lọ́wọ́ mi ni dídákẹ́.

Mary Budd Rowe, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣèwádìí nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ó rí i pé bí olùkọ́ bá béèrè ohun kan, bíi ìṣẹ́jú àáyá 1 péré ló ń fi dúró kó tó tún sọ̀rọ̀. Bí olùkọ́ bá dúró tó 3, ìdáhùn á gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo kà á, mo gbà á gbọ́, àmọ́ n kò lè ṣe é. Tí mo bá béèrè, tí gbogbo wọn bá dorí kodò, tí aláìsàn ń wò wá, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta nínú lọ́hùn-ún. N kì í ka ẹẹ́ta délẹ̀.

Ibi tó ti le jù ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọwọ́ mi. Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá ti tẹjú mọ́lẹ̀, Dókítà á dáhùn fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo wá fipá pa ẹnu mọ́, ọ̀kan ṣoṣo tó mọ̀wé jù nínú wọn ló ń dáhùn, àwọn yòókù sì sinmi sí i lẹ́yìn. Ìgbà kan wà tí mo dúró dúró, tí ẹnikẹ́ni ò fọhùn, tí mo sì fi ìbínú jáde kúrò ní yàrá náà. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọn ò fi sọ̀rọ̀ níwájú mi mọ́.

Bébà kékeré ló yọ mí. Màá béèrè ìbéèrè, màá ní kí kálukú kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀, èmi náà á kọ tèmi. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́, ẹnu mi sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó ń pe orúkọ, láti orí ẹni tó kéré jù. Bí ẹni tó ga bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ta ló fẹ́ ta kò ó? Tí ẹnì kan bá ní òun ò mọ̀, n kì í fò ó kọjá mọ́. Màá ní, "Kí lo fẹ́ mọ̀ sí i kó o tó lè dáhùn?" Orí mi wú lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí n kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ dáhùn pé, "Mo fẹ́ mọ oògùn tí wọ́n ń lò nílé, mà."

Ẹ̀kọ́ kan wà tí mo sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá kan ni mo ti béèrè pé kí ló burú jù tó lè fa irú ìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà dáhùn dáadáa pé jẹjẹrẹ ni. Ojú bàbá yí padà. Èsì àyẹ̀wò rẹ̀ ò tíì jáde, kò sì sí ẹni tó tíì bá a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ̀rù ò sì kúrò lára rẹ̀. Ẹ fi irú ìbéèrè yẹn sílẹ̀ di ìta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ohun tí wọ́n rí, tí wọ́n gbọ́, tí wọ́n fọwọ́ kàn ni kí ẹ bi wọ́n, kí aláìsàn náà lè dá sí i.

Èyí tó ṣì ń bí mi nínú títí di òní ni ọ̀gá kan tó máa ń bá wa rìn nígbà mìíràn. Bí mo bá béèrè tán, tí gbogbo wọn ń kọ̀wé lọ́wọ́, òun á ju ìdáhùn sílẹ̀ gbì. Ní báyìí, mo máa ń bá ọ̀gá náà sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi dákẹ́ títí mo fi máa pe orúkọ." Nígbà mìíràn wọ́n máa ń rántí.