Bí ẹ ṣe máa fi pólímà bo inú kápílárì kí pùròtéènì má baà lẹ̀ mọ́ ọn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará lábù, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Òṣogbo níbí tí ẹ fẹ́ fi capillary electrophoresis (ká fi iná mànàmáná fa nǹkan gba inú kápílárì, ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín) ya pùròtéènì sọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé kí ló dé tí píìkì (òkè tó ń yọ lórí àwòrán èsì) ń fa ìrù gbọọrọ, tàbí tí ò tiẹ̀ jáde rárá. Ògiri kápílárì lẹ máa kọ́kọ́ wò, ẹ má tíì dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

Gíláàsì silica tí wọ́n fi ṣe é ní silanol (Si-OH) lára, bí pH bá ti ń kọjá nǹkan bíi 3 báyìí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í di nẹ́gẹ́tíìfù, pùròtéènì tó bá wá jẹ́ pọ́sítíìfù, bíi lysozyme inú funfun ẹyin tí pI ẹ̀ (pH tí pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù ara ẹ̀ ti dọ́gba) fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11, á kàn lọ lẹ̀ mọ́ ọn ni. Ẹ lè ní ṣebí wọ́n ń fi irú ẹ̀rọ yìí wo genotype ní ọsibítù, AA, AS, SS, láìsí pólímà kankan. Òótọ́ ni, àmọ́ búfà tí wọ́n máa ń lò tó pH 9.4, hemoglobin ti di nẹ́gẹ́tíìfù níbẹ̀, ògiri náà nẹ́gẹ́tíìfù, wọ́n á máa ti ara wọn. Àwọn tó jẹ́ pọ́sítíìfù ló ń fún wa ní wàhálà.

Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní ìlú aró yìí, ọ̀rọ̀ pólímà á tètè yé e, ibi tí wọ́n bá fi láfún bò, aró ò ní rí aṣọ mú níbẹ̀.

Èyí tí mo máa ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni polybrene (pólímà pọ́sítíìfù) àti dextran sulfate (pólímà nẹ́gẹ́tíìfù), torí pé tó bá bàjẹ́ ẹ lè tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sì gba kẹ́míkà olóró bíi acrylamide. Ẹ gé kápílárì oníhò 50 µm, 60 cm, ẹ fi láítà jó polyimide (awọ ike tó bo ìta ẹ̀) kúrò níbi tí iná UV máa gbà kọjá, ẹ fi ẹ̀tánọ́ọ̀lù nù ún, ẹ rọra o, ibẹ̀ ò ní lágbára mọ́, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á ṣẹ́. Gbogbo omi tó lè wọ inú ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 1.2 µL lọ, torí náà ìdọ̀tí kékeré ti tó láti dí i, gbogbo nǹkan tó máa wọlé ẹ fi fílítà 0.45 µm sẹ́ ẹ, omi ẹ̀rọ tàbí omi kànga ò ṣeé lò, àfi omi deionized.

Wáyìí o, ẹ ti NaOH 1 M gba inú ẹ̀ kọjá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, omi fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gé ìfọ̀ yìí kúrú, torí pé silanol tí NaOH bá ṣí sílẹ̀ ni polybrene máa rí dì mú, ògiri tí ò mọ́ ò ní gbà á dọ́gba. Lẹ́yìn ẹ̀ polybrene 10% fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, omi díẹ̀, dextran sulfate 3% fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, omi, polybrene lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ wá fi búfà fọ̀ ọ́. Àwọn Japan, Katayama àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é, ló gbé ọ̀nà ìpele mẹ́ta yìí jáde ní 1998, ó sì lálòpẹ́ ju ìpele kan lọ dáadáa.

Ògiri ti di pọ́sítíìfù báyìí nìyẹn, torí náà omi á máa ṣàn lọ sí ọ̀dọ̀ anode (ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù), ẹ gbọ́dọ̀ yí polarity padà, ẹ gbé nẹ́gẹ́tíìfù sí ẹnu ọ̀nà tí sáńpù ń gbà wọlé. Ẹni tí ò bá yí i padà á jókòó títí, kò ní rí píìkì kankan.

Kẹ́ ẹ tó fi pùròtéènì sí i, ẹ fi DMSO díẹ̀ (kì í ṣe pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gẹ́tíìfù, ìṣàn omi nìkan ló ń gbé e) sáré nínú phosphate 50 mM pH 3, ní 214 nm, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Tí àkókò tó ń jáde bá dọ́gba, ó ti dì mọ́ nìyẹn, tó bá ń sún síwájú sẹ́yìn ẹ tún polybrene fọ̀ ọ́. Ooru Òṣogbo ní oṣù kẹta kì í ṣeré, nítorí náà ẹ gbé fóltéèjì lọ láti 5 kV sí 25 kV díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa kọ current sílẹ̀, ibi tí ìlà yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sókè, kápílárì ti ń gbóná jù, ẹ dúró sísàlẹ̀ ibẹ̀. Tí lysozyme tẹ́ ẹ máa fi dán an wò bá wọ́n, ẹ ra ẹyin ní ọjà Ìgbóǹnà, ẹ fi omi pò funfun ẹ̀ ní ìlọ́po ogún, ẹ gbé e sí centrifuge torí ovomucin á dì, omi tó mọ́ lókè yẹn lẹ máa lò.

Ọ̀nà acrylamide tí Hjertén, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Uppsala ní Sweden, gbé jáde ní 1985 ń kọ́? Ìyẹn ò ní pọ́sítíìfù ò ní nẹ́gẹ́tíìfù, omi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ṣàn mọ́, píìkì ẹ̀ sì máa ń dúró ṣánṣán, òun ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ tó gba sùúrù. Lẹ́yìn NaOH àti omi, ẹ po γ-MAPS (kẹ́míkà tó máa so acrylamide mọ́ ògiri) bíi 4 µL sínú omi 1 mL tẹ́ ẹ ti fi acetic acid gbé wá sí pH 3.5, ẹ jẹ́ kó wà nínú ẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ fi omi ṣàn án, lẹ́yìn náà acrylamide 3% sí 4% tẹ́ ẹ ti fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ kúrò, torí ọ́síjìn kì í jẹ́ kó dì. TEMED 1 µL àti persulfate 1 mg fún mL kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń mú un di pólímà, ló máa wọ inú ẹ̀ gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì yára tì í wọlé, tó bá ti tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ẹ fi omi tì í jáde. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o! Acrylamide tí ò tíì di pólímà máa ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fa eruku ẹ̀ símú. Polarity rẹ̀ ò yí padà, pọ́sítíìfù wà ní ẹnu ọ̀nà tí sáńpù ń gbà wọlé, àwọn tó jẹ́ pọ́sítíìfù nìkan ló sì máa dé ibi UV. NaOH ò gbọdọ̀ kan kápílárì yẹn mọ́ láéláé, á jẹ ìdè silica yẹn, gbogbo iṣẹ́ á sì ṣí kúrò lára ògiri.

Tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, ẹ má fi búfà sílẹ̀ nínú ẹ̀ kó gbẹ, iyọ̀ á dì síbẹ̀. Ẹ fi sírìńjì ti omi gbà á kọjá, ẹ ti ẹnu méjèèjì bọ omi títí iná á fi dé.